Ẹni tí ó dáwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo

Ní ìpàdé kan tí a ṣe ní agbègbè Ọ̀jọ́ yìí láìpẹ́, nínú ẹgbẹ́ kékeré kan tí ń dá owó jọ láti fi ra àga, tábìlì àti ìwé fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, akápò wa dìde, ó sì mú àbá kan wá. Ó ní ìwé orúkọ àwọn tí ó ti dáwó fún ẹgbẹ́, èyí tí a ń pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà nísinsìnyí, ti kún ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ní púpọ̀ nínú àwọn orúkọ náà jẹ́ ti àwọn tí ó dáwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a kò sì gbúròó wọn mọ́ láti ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, títí dé mẹ́wàá. Ó wá bèèrè pé, èrè kí ni ó wà nínú kí a máa ru ẹrù òfìfo kiri? Ẹ jẹ́ kí a pa wọ́n rẹ́, kí a lè mọ iye ẹni tí a ní nítòótọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ìpàdé náà ni ó pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó sì mú àbá mìíràn wá tí ó lòdì sí ti àkọ́kọ́ pátápátá. Ó ní kí a má ṣe pa ẹyọ orúkọ kan rẹ́, kí a kúkú máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lóṣooṣù, kí a má sì dẹ́kun títí wọn yóò fi tún dáwó. Mo tẹ́tí sí àwọn méjèèjì, n kò sì fọhùn lọ́jọ́ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí ju bí àwọn ará ti mọ̀ lọ. Nísinsìnyí ni mo fẹ́ sọ èrò ọkàn mi níwájú gbogbo ẹ̀yin òǹkàwé ìwé wa yìí, nítorí mo mọ̀ pé kò sí ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbáà ṣe ti ìlú, ti ìjọ, tàbí ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, tí irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Lójú tèmi, akápò wa ṣìnà, ọ̀dọ́mọkùnrin wa náà sì ṣìnà, ibi kan náà ni ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì sì ti yẹ̀. Wọ́n rò pé ìwé yìí jẹ́ ìwé àwọn ẹni tí a ó tún gba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí kò bá mú ìrètí owó wá mọ́ ni ọ̀kan fẹ́ nù kúrò. Ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó tún yọ owó ni èkejì fẹ́ máa lépa. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìwé náà dáradára, a ó rí i pé ìwé àwọn ẹni tí a ti gbà lọ́wọ́ wọn ni. Àwa ni a jẹ wọ́n ní gbèsè. Wọn kò jẹ wá ní kọ́bọ̀. Ìdúpẹ́ àti ìjíyìn ni gbèsè náà. Kò sì sí oníṣòwò olóòótọ́ kan tí ó máa ń ya ojú ewé àwọn tí òun jẹ ní gbèsè kúrò nínú ìwé rẹ̀ nítorí pé ó pẹ́ tí òun ti rí wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan agbègbè tiwa ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ. Ìlú àwọn Àwórì láti àtijọ́ ni Ọ̀jọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Ìbà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ mọ ara wọn láti ìdílé dé ìdílé, wọn kò sì nílò ìwé kí wọn tó mọ ọmọ ẹni tí ó ṣe wọ́n lóore. Ṣùgbọ́n ta ni ó kún àárín wa lónìí? Láti 1983 tí ìjọba ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́, ọdọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ ń wá gba yàrá ní Ìbà àti ní Òkòkòmáikò. Wọn a gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọn a gba ìwé ẹ̀rí wọn, wọn a sì lọ. Ní ọjà Àlábà, níbi tí a ti ń ta rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti oríṣiríṣi ohun èlò iná, àwọn ọmọ Ìgbò pọ̀ jọjọ, àwọn oníbàárà sì ń ti ìlẹ̀ òkèèrè wá bá wọn nájà. Ní bárékè àwọn ọmọ ogun, ìwé kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ti tó láti kó sójà kan àti ìdílé rẹ̀ lọ sí òkè Ọya kí oṣù tó parí. Ojú ọ̀nà Àgbádárìgì ni a wà. Èrò ni púpọ̀ nínú wa.

Gbogbo àwọn èrò wọ̀nyí ni wọ́n sì máa ń dáwó. Akẹ́kọ̀ọ́ a yọ ẹgbẹ̀rún kan náírà nínú owó oúnjẹ rẹ̀. Oníṣòwò a ra sìmẹ́ńtì. Ìyàwó sójà a kó ìwé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti kà tán wá. Ẹ̀ẹ̀kan ni, ó tán. Kì í ṣe àìfẹ́ ni ó mú kí wọn má padà wá. Ọ̀nà ni ó gbé wọn lọ. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ àánú ti ní owó àti òṣìṣẹ́ láti máa tọ́jú ìwé orúkọ, àwọn tí ń ṣírò ọ̀rọ̀ yìí ti rí i pé nínú ẹni márùn-ún tí ó bá kọ́kọ́ fúnni, bí ẹnìkan péré ni ó máa ń tún fúnni ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí a má ṣe yà wá lẹ́nu bí àwọn olùdáwó ẹ̀ẹ̀kan bá kún inú ìwé tiwa.

N óò jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi báyìí, kí ó má bàa dà bí ẹni pé àwọn ẹlòmíràn ni mo ń bá wí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tí mo ń sọ yìí. A kéde pé a fẹ́ ra àga ìjókòó fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, àti pé ẹni tí ó bá san owó àga kan, a ó ka orúkọ tí ó bá fẹ́ ní ọjọ́ tí a bá kó àwọn àga náà wọlé. Owó wọlé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó, mo gbé ìwé tí báǹkì fi ránṣẹ́ sí wa ka iwájú, mo sì ń kọ àwọn orúkọ sínú kọ̀ǹpútà. Mo dé orí ìlà kan tí ó jẹ́ pé orúkọ ṣọ́ọ̀bù oní-POS kan lẹ́bàá títì Òkòkòmáikò ni ó wà níbẹ̀. Mo kọ ‘POS’ sí àyè orúkọ, mo kọ iye owó náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì kọjá lọ. Ó ti rẹ̀ mí. Mo ní bí ilẹ̀ bá mọ́ n óò wádìí rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, n kò wádìí rẹ̀.

Ní ọjọ́ ayẹyẹ, mo ka àwọn orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, obìnrin kan tí ó ti jókòó lẹ́yìn tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, ‘Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ kò ka orúkọ ọmọ mi.’ Mo bèèrè pé ọmọ wo ni. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin ni, tí ó ń kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ náà kí ó tó kú. Ní ìrántí rẹ̀ ni òun ṣe san owó àga kan. Òun kò mọ bí a ti ń fi fóònù sanwó, nítorí náà ni òun ṣe gbé owó lọ bá oní-POS, òun sì ti bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ orúkọ ọmọ náà sí i. Kò bínú sí mi. Ì bá sàn fún mi bí ó bá bínú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ akọ̀wé ni orúkọ ti ń sọnù, kí ọ̀rọ̀ tó kan kọ̀ǹpútà rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn ohun tí mo ti kọ́, bóyá yóò ṣe akọ̀wé mìíràn ní àǹfààní.

Èkíní, kí a kọ orúkọ ènìyàn bí òun tìkára rẹ̀ ti ń jẹ́ ẹ. Báǹkì a máa fi orúkọ ìdílé ṣáájú. Obìnrin a máa jẹ́ orúkọ ọkọ ní báǹkì, kí ó máa jẹ́ orúkọ baba rẹ̀ níbi iṣẹ́, kí gbogbo àdúgbò sì mọ̀ ọ́n sí ìyá ọmọ rẹ̀. Ẹnìkan náà lè wà nínú ìwé wa ní ìlà mẹ́ta, a ó sì máa pè é ní ẹni mẹ́ta. Ẹ wo ohun tí èyí ń bí: ẹni tí ó ti fún wa lẹ́ẹ̀mẹta yóò farahàn bí ẹni mẹ́ta tí ó fún wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan! Bí akápò wa bá pa àwọn olùdáwó ẹ̀ẹ̀kan rẹ́, ọ̀rẹ́ wa tímọ́tímọ́ ni ó lè pa rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nítorí náà, kí akọ̀wé tó kọ ìlà tuntun, kí ó kọ́kọ́ wá inú ìwé bóyá ẹni náà ti wà níbẹ̀ rí.

Èkejì, kí a kọ ọ̀nà tí owó gbà wọlé, kí a sì ṣe ìwádìí ní ọjọ́ náà gan-an. Oní-POS lè rántí ẹni tí ó wá lánàá. Kò lè rántí ẹni tí ó wá ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Kí a sì ya ìlérí sọ́tọ̀ kúrò lára owó. Gbogbo wa ni a mọ bí ìfilọ́lẹ̀ ti máa ń rí: ẹnìkan a na ọwọ́ sókè, a kéde ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, ìlù a dún, ẹlòmíràn a sì fi ẹgbẹ̀rún méjì sínú àpòòwé láìsọ̀rọ̀. Bí a bá kọ àwọn méjèèjì sí òpó kan náà, a ti parọ́ fún ara wa.

Ẹ̀kẹta, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù lọ, kí a kọ ìdí tí ẹni náà fi dáwó. Àwọn kan dáwó nítorí iṣẹ́ tí a ń ṣe. Àwọn kan dáwó nítorí ènìyàn: ọ̀rẹ́ wọn ni alága ọjọ́ náà, tàbí àwọn ọmọ olóògbé kan ti sọ pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ bá wọn kẹ́dùn fi owó náà ran ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Àwọn kan sì wà tí ó kàn ń kọjá lọ, tí ojú wọn bá ohun tí a ń ṣe. Ẹni tí ó dáwó nítorí òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti parí ohun tí ó fẹ́ ṣe. Bí a bá ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ńṣe ni a ń fi òkú tọrọ owó. Ohun tí ó yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí a sọ fún un, àti fún ìdílé olóògbé, ohun tí owó náà ṣe, lẹ́yìn náà kí a jẹ́ kí ó sinmi.

Báyìí ni mo fi dé ibi tí àbá àwọn ará wa méjèèjì ti lè rí ojútùú. Ohun méjì ni ó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé wa, a sì ti pò wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni ohun tí ẹni náà ṣe: orúkọ rẹ̀, iye tí ó mú wá, ọjọ́ tí ó mú un wá, ìdí rẹ̀, ẹni tí ó gbà á, àti ohun tí a fi rà. Èkejì ni ọ̀nà tí a fi lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: nọ́mbà fóònù rẹ̀, ilé rẹ̀, àdírẹ́sì lẹ́tà rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìtàn àti ìṣirò owó, kò sì yẹ kí a pa á rẹ́. Ti èkejì jẹ́ ohun àyálò, tí ẹni náà fi sí wa lọ́wọ́ fún ìlò kan, ó sì ní ọjọ́ tí ó yẹ kí a dá a padà.

Kò sí ohun tí ó ń tètè gbó bíi nọ́mbà fóònù. Bí ènìyàn bá pa síìmù kan tì fún ìgbà pípẹ́, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín a gba nọ́mbà náà padà, a sì tún tà á fún ẹlòmíràn. Akọ̀wé tí ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́mbà ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn lè máa kí àlejò kan tí kò mọ̀ wá rí, kí ó sì máa sọ ọ̀rọ̀ olóore wa fún un láìmọ̀. Òfin ilẹ̀ wa pẹ̀lú ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, 2023, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ń dáàbò bo ìwífún nípa ènìyàn ní Nàìjíríà. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà, ẹni tí ó bá gba ìwífún nípa ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní ìdí tí ó tọ́, kò gbọ́dọ̀ pa á mọ́ ju ìgbà tí ó nílò rẹ̀ lọ, ẹni tí ó ni ín sì ní ẹ̀tọ́ láti rí i, láti tún un ṣe, àti láti sọ pé kí a má ṣe fi polówó fún òun mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni èyí wà fún. Ẹgbẹ́ tí ó ní ogójì orúkọ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà lábẹ́ ojúṣe náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa tí ó fẹ́ máa kàn sí gbogbo ènìyàn lóṣooṣù, kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2015, ìyá arúgbó kan kú ní ìlú Bristol, ẹni ọdún 92, tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní títa òdòdó ìrántí fún ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí a ṣe ìwádìí, a rí i pé orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àánú 99, àti pé lẹ́tà tí àwọn ẹgbẹ́ àánú kọ sí i tó 466 ní ọdún kan. Ìdílé rẹ̀ sọ pé àwọn lẹ́tà náà kọ́ ni ó pa á. Ṣùgbọ́n ojú ti gbogbo ilẹ̀ náà, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń fi orúkọ rẹ̀ fún ara wọn láìbi í. Ní 2016 ni wọ́n dá àjọ tuntun sílẹ̀ láti máa bójú tó bí àwọn ẹgbẹ́ àánú ti ń tọrọ owó. Oore ìyá náà ni ó di ìyọnu fún un. Kí a má ṣe irú rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni ní Ìbà.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀nà òyìnbó ni gbogbo ìkọsílẹ̀ yìí, pé àwọn baba wa kò kọ orúkọ olóore sí ìwé. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó lọ bá alájọ kan ní ọjà Ìyànà-Ìbà. Ẹni tí ó bá dá àjọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò sì tún wá mọ́, alájọ kò ní nu àmì rẹ̀ kúrò nínú káàdì; bí ó bá padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àmì rẹ̀ ni yóò bá. Bẹ́ẹ̀ ni Nehemáyà, nígbà tí ó tún odi Jerúsálẹ́mù mọ, kọ orúkọ àwọn tí ó ṣiṣẹ́ àti ibi tí olúkúlùkù mọ, títí kan alágbẹ̀dẹ wúrà, àti ọkùnrin kan tí òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ jọ ṣe apá tiwọn. Púpọ̀ nínú wọn ni a kò tún gbọ́ nǹkan kan nípa wọn mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ó sì tó láti kọ.

Ohun kan kù. Ìwé tí ó wà ní ibì kan ṣoṣo, bí ẹni pé kò sí ni. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ó parí rẹ̀ ní 1897. A fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀, ó sì sọnù lọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901 láìfi ojú rí ìwé rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, jókòó tì láti tún un kọ, ni ìwé náà fi jáde ní 1921. Bí ìwé ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè sọnù, kí ni ti kọ̀ǹpútà akọ̀wé kan tí olè lè gbé ní Òkòkòmáikò? Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí òmíràn wà lọ́wọ́ alága, kí a sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí ti àwọn méjèèjì pa.

Nítorí náà, ní ìpàdé tí ń bọ̀, àbá mẹ́ta ni èmi pẹ̀lú yóò mú wá. Kí a má ṣe pa orúkọ àti oore ẹnikẹ́ni rẹ́ nítorí pé ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Kí olúkúlùkù ẹni tí ó bá dáwó rí ìròyìn gbà lẹ́ẹ̀kan, kí ọdún tó yípo, nípa ohun tí owó rẹ̀ ṣe, láìfi ẹ̀bẹ̀ mìíràn kún un. Kí a sì pa nọ́mbà àti àdírẹ́sì ẹni tí kò bá dáhùn fún ọdún mẹ́ta rẹ́, tàbí ti ẹni tí ó bá sọ pé òun kò fẹ́, lọ́jọ́ tí ó bá sọ ọ́. Àwọn àgbà sọ pé yínniyínni, kí ẹni ó ṣe mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà kò bá tilẹ̀ ní ṣe mìíràn láéláé, a ṣì jẹ ẹ́ ní ìyìn ti àkọ́kọ́.

Obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo lọ sí ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti tọrọ àforíjì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pa ‘POS’ rẹ́, tí mo sì kọ orúkọ ọmọ náà, orúkọ ìyá rẹ̀, àti àga kan tí ó wà ní kíláàsì kejì. Kò tún dáwó láti ìgbà náà, n kò sì retí pé kí ó tún dáwó. Ìlà kan ṣoṣo ni ó ní nínú ìwé wa. Bí a bá gba àbá akápò, ìlà náà wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ lọ.